Òpópónà Màrínà l'Àgbádárìgì: ẹ wá bá mi kó ìtàn ibẹ̀ jọ

Ọmọ Àgbádárìgì

Ẹ kú ilé o, gbogbo ilé. Mo fẹ́ ká jọ kó ìtàn òpópónà Màrínà wa jọ síbí ní èdè Yorùbá, kí àwọn ọmọ wa tó wà lẹ́yìn odi lè rí i kà.

Ohun tó ń dùn mí ni bí àlejò ṣe ń rìn níbẹ̀. Wọ́n á bọ́ sílẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n á gun ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá sí erékùṣù Gberefu, ó tán. Bẹ́ẹ̀, ojú ọ̀nà tí wọ́n ń tẹ̀ kọjá yẹn gan-an ni ìtàn wà. Ọ̀sà wà lápá kan rẹ̀, ilé wà lápá kejì. Ilé tí òyìnbó oníwàásù kọ́, ilé tí wọ́n ń kó ẹrú pamọ́ sí, ọ́fíìsì tí ajẹ́lẹ̀ ti ń ṣèjọba, kò sí èyí tí ẹsẹ̀ ò lè gbé èèyàn dé láàárín òwúrọ̀ kan.

Bí wọ́n sì ṣe ń sọ ọ́ fún àlejò, ó dà bíi pé ọ̀kan parí kí èkejì tó bẹ̀rẹ̀: òwò ẹrú lọ, ìhìnrere dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1845 tí wọ́n parí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, wọ́n ṣì ń ta èèyàn ní Àgbádárìgì. Ọdún 1852 ni àwọn ìjòyè ìlú tó bá Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé kí òwò náà dópin. Ẹni tó bá dúró lójú fèrèsé òkè ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn oníwàásù ìjọ Áńgílíkà (C.M.S.) yẹn nígbà náà, ọ̀sà tó ń wò yẹn ni ọkọ̀ àwọn oníṣòwò ẹrú ń gbà. Èyí ni mo fẹ́ kí ọmọ wa mọ̀, pé ilé oníwàásù àti ilé ẹrú jọ ń mí lórí òpópónà kan náà, lọ́jọ́ kan náà.

Ẹ bá mi fi tiyín kún un. Ẹ̀yin tí ilé bàbá yín wà ní Màrínà, ẹ̀yin tíṣà, ẹ̀yin ọlọ́kọ̀.

Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Ìjọ wa ti ṣèbẹ̀wò síbẹ̀ rí, ó sì wú mi lórí. Ìbéèrè mi rèé: ẹni tó mú wa yíká sọ pé 1842, ìwé tí mo kà sọ pé 1845. Èwo ni ká mú? Ẹ̀ẹ̀kejì, ṣé Àjàyí Crowther ló kọ́ ilé náà? Ọ̀rẹ́ mi kan ń jà fitafita pé òun ni.

Màmá Tíṣà

Ọmọ mi, ọdún méjèèjì ló nídìí. Ohun tí àwọn tó ń tọ́jú ilé náà ń sọ ni pé 1842 ni wọ́n fi ìpìlẹ̀ rẹ̀ lélẹ̀, 1845 ni wọ́n parí rẹ̀. Henry Townsend ti C.M.S. ni wọ́n ka iṣẹ́ náà sí lọ́wọ́, kì í ṣe Crowther. Crowther gbé inú rẹ̀, ìyẹn dájú.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú un láti ìsàlẹ̀, torí wọ́n sábà máa ń fo àwọn Sàró, àwọn tó padà wá láti Sierra Leone, nínú ìtàn yìí. Kì í ṣe òyìnbó ló kọ́kọ́ ronú kan ìlú wa. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ oníṣòwò ẹrú, tí wọ́n sì ti ń gbé ní Sàró, ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà ilé. Àgbádárìgì ni wọ́n ń gúnlẹ̀ sí, kí wọ́n tó forí lé Abẹ́òkúta. Àwọn ni wọ́n kọ̀wé pé kí wọ́n rán oníwàásù sí àwọn. Ìwé yẹn ló mú Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì wá láti Gold Coast. Adúláwọ̀ ni bàbá Freeman, Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Ọjọ́ 24 oṣù kẹsàn-án ọdún 1842 ló gúnlẹ̀, abẹ́ igi Agia ló sì ti wàásù. Townsend dé ní oṣù kejìlá ọdún náà. Àwọn méjèèjì wà ní Àgbádárìgì nígbà Kérésìmesì 1842, kí Townsend tó lọ rí Ṣódẹkẹ́, olórí àwọn Ẹ̀gbá, ní Abẹ́òkúta.

Ó wá di oṣù kìíní 1845. Townsend padà dé pẹ̀lú Gollmer, tó jẹ́ ọmọ Jámánì, àti Crowther pẹ̀lú ìyàwó àti àwọn ọmọ rẹ̀. Abẹ́òkúta ni wọ́n ń lọ, Àgbádárìgì kì í ṣe ibi tí wọ́n ní lọ́kàn láti gbé. Àṣé Ṣódẹkẹ́ ti kú. Ẹni tí ì bá gbà wọ́n lálejò kò sí mọ́, ogun sì ti dí ọ̀nà. Bí wọ́n ṣe jókòó sí Màrínà fún ohun tó lé ní ọdún kan nìyẹn, títí di àárín 1846.

Ẹ wá rò ó wò. Ọmọ Òṣogùn tí wọ́n mú lẹ́rú ní 1821, tí wọ́n tà láti ọwọ́ dé ọwọ́, tí wọ́n gbà sílẹ̀ lójú òkun ní 1822. Ó padà wá gẹ́gẹ́ bí àlùfáà, ó ń gbé ní ìlú tí wọ́n ti ń ta irú rẹ̀, ó ń wàásù fún wọn, ó sì ń bá iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì rẹ̀ lọ. Kò tíì mọ̀ pé ìyá òun wà láàyè. Oṣù kẹjọ 1846, ní Abẹ́òkúta, ni ojú wọn pàdé, lẹ́yìn nǹkan bí ọdún 25. Ìgbàkigbà tí mo bá dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yẹn, ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Ará Ajárá

Ẹ ṣeun mà, Ọlọ́run á jẹ́ ká máa rí yín bá.

Igi Agia náà ti wó, 1959 ni. Òpó ìrántí ni wọ́n mọ síbẹ̀. Ẹ fi ilé ìwé kún un pẹ̀lú: 1843 ni De Graft àti ìyàwó rẹ̀, tí wọ́n jẹ́ ti Mẹ́tọ́díìsì, bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé tí ọ̀pọ̀ ń kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní Nàìjíríà. Nursery of the Infant Church ni wọ́n sọ ọ́.

Ọmọ Ìlárò

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti Sẹ́ríkí Williams Abass, torí ọmọ Yewa lọ́dọ̀ wa ni bàbá yẹn.

Jọ̀gá-Orílé ni wọ́n ti bí i. Ìfárẹ̀mílẹ́kún Fágbèmí ni orúkọ tí òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ọmọdé ni nígbà tí àwọn ọmọ ogun Dàhòmì kó o lọ. Abass tó ń jẹ́ yẹn, orúkọ ẹni tó rà á ni. Williams, orúkọ ará Bràsíl tó mú un sọdá òkun ni. Níbẹ̀ ló ti kọ́ ìwé àti èdè àwọn òyìnbó. Ó padà wálé, ó di oníṣòwò ńlá ní Àgbádárìgì, òwò ẹrú kan náà tí wọ́n fi òun alára ṣe ló sì ń ṣe. Yàrá 40 ló wà nínú ọgbà rẹ̀. Wọ́n ní èèyàn 40 ni wọ́n ń kì sínú yàrá kọ̀ọ̀kan láti máa retí ọkọ̀, yàrá tó jẹ́ pé fèrèsé kékeré kan péré ló ní, lókè téńté. Wọ́n á fi àwọn ohun tó gbà lọ́wọ́ òyìnbó hàn yín, wọ́n á ní agboòrùn kan, ẹrú 40. Ní 1897 àwọn Mùsùlùmí fi jẹ Sẹ́ríkí, orúkọ oyè yẹn ló sì lé mọ́ ọn lára títí di òní. 1919 ló kú.

Nílé wa, àwọn kan ń fi í yangàn pé ọmọ wa di ọba nílùú onílùú. Àwọn kan ò fẹ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀ sétí. Èmi ò lè pè é ní akọni. Mi ò sì lè pè é ní ìkà kí n dákẹ́, nítorí ọmọ tí wọ́n jí gbé ni òun náà. Tí ẹ bá ń sọ ìtàn rẹ̀ fún àlejò, ẹ má fi Jọ̀gá sílẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti jẹ́ ọmọdé tí ń sunkún ìyá rẹ̀.

Ìbàdàn Mesìọ̀gọ̀

Háà. Ẹ̀gbọ́n, mo rí aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn nínú ọgbà yẹn. Ṣé òótọ́ ni pé àwọn èèyàn ṣì ń gbé inú àwọn yàrá náà?

Ọmọ Àgbádárìgì

Òótọ́ ni. Agbo ilé ni. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ bàbá náà ló ń gbé ibẹ̀. Wọ́n fi díẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ kí àlejò lè rí i, wọ́n sì tún ìyókù ṣe, wọ́n ń gbé inú rẹ̀. Ibojì bàbá náà wà nínú ọgbà níbẹ̀.

Mo bẹ gbogbo ẹni tó bá ń bọ̀: ẹ kí onílé kí ẹ tó yọ fóònù. Mo ti rí àwọn tó ń ya fọ́tò ìyá àgbà tó ń ṣa ìrẹsì lẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ láìwí fún un. Kò dáa. Ilé ẹni ni wọ́n wọ̀ yẹn.

Egùn Ọmọ Ọlọ́kọ̀

Mo kí gbogbo yín. Ọmọ Ògù ni mí, ọkọ̀ ojú omi ni iṣẹ́ ìdílé wa, ẹnu ọ̀sà ni mo dàgbà sí.

Mo ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ, Townsend, Freeman, Williams. Ó dáa. Àwọn tó ni ilẹ̀ ńkọ́? Àdúgbò mẹ́jọ ló wà nínú Àgbádárìgì: Ahovikoh, Boekoh, Jegba, Posukoh, Awhanjigo, Asago, Wharakoh, Ganho. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní olóyè tirẹ̀, Akran sì ni orí gbogbo wọn. Tí ẹ bá ń rìn ní Màrínà, inú àdúgbò wọ̀nyí lẹ ń gbà kọjá. Kò sí òyìnbó tó lè ra ẹnikẹ́ni nílùú yìí láì gba ọwọ́ olóyè kan. Mo sọ ọ́ bó ṣe rí, torí ilé Mobee, ìdílé olóyè tó ṣe òwò ẹrú ní Boekoh, kò fi pamọ́. Àwọn fúnra wọn ló tọ́jú ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ ọrùn àti ti ẹsẹ̀, títí kan ti ọmọdé, àti irin tí wọ́n fi ń ti ẹnu ẹrú kó má baà sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ìdílé ló wà, wọn ò jù ú sódò. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn nítorí èyí.

Ọjà Vlekete sì nìyẹn, tí wọ́n ti ń ta èèyàn láti 1502. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ń kó wọn sọ́kọ̀, wọ́n á sọdá ọ̀sà sí Gberefu, wọ́n á fi ẹsẹ̀ rin iyanrìn kọjá kànga kan. Àwọn bàbá wa ní ẹni tó bá mu omi kànga yẹn, yóò gbàgbé ilé. Ó di etí òkun, ibi tí a ń pè ní ibi àìpadàbọ̀.

Màmá Tíṣà

Ọmọ mi ọlọ́kọ̀, o káre. Ọ̀rọ̀ àdúgbò mẹ́jọ yẹn yẹ kó wà lórí gbogbo ìtàn yìí.

Ṣùgbọ́n 1502 yẹn, mi ò lè kọ ọ́ sójú pátákó fún ọmọ kíláàsì mi. Àwọn onímọ̀ ìtàn tí wọ́n yẹ ìwé àwọn oníṣòwò òyìnbó wò fi hàn pé Ouidah àti Jakin, ní ilẹ̀ Benin òde òní, ni òwò náà kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ sí. Dàhòmì ṣẹ́gun Ouidah ní 1727, ó sì kó Jakin ní 1732. Ìgbà yẹn ni àwọn oníṣòwò sá wá sí apá ọ̀dọ̀ wa. Ọ̀kan nínú wọn ni Hendrik Hertogh, ará Holland, ẹni tí àwọn èèyàn yín ń pè ní Huntokonu. Ẹ mọ̀ ọ́n nínú ìtàn ilé yín. Òun ló wá tẹ̀dó sí Àgbádárìgì, wọ́n sì pa á ní 1738. Láti àwọn ọdún 1730 yẹn ni ìlú náà ti di èbúté ńlá.

Mo mọ̀ pé 1502 wà lára pátákó, àwọn tó ń mú àlejò yíká sì ti kọ́ ọ lórí. Àmọ́ ó lé ní igba ọdún tó wà láàárín méjèèjì. A ò nílò láti fi igba ọdún kún ìyà yẹn kó tó wúwo. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láti 1730 sókè tó láti mú ojú omijé.

Egùn Ọmọ Ọlọ́kọ̀

Mo gbọ́ yín, mà. Huntokonu, bẹ́ẹ̀ ni, a mọ̀ ọ́n dáadáa, àwọn àgbà ò tíì gbàgbé rẹ̀.

Ohun tí mo kàn fẹ́ ká yà sọ́tọ̀ ni pé Vlekete kì í ṣe ọjà nìkan. Òrìṣà òkun àti atẹ́gùn ni, ọjà ló ya orúkọ rẹ̀ lò. Ojúbọ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Tí ọdún ọjà bá yí padà nínú ìwé, kò kan òrìṣà. Àwọn àlejò ń wọ ibẹ̀, wọ́n á máa sọ pé "ọjà ẹrú, ọjà ẹrú", wọn ò mọ̀ pé orí ilẹ̀ àdúrà ni wọ́n dúró sí.

Màmá Tíṣà

Ó tọ́. Mo fara mọ́ ọn.

Ìyá Alágbọn

Ẹ kúuṣẹ́ o. Ọmọ mi ló ń kà á fún mi, òun náà ló ń bá mi kọ èyí. Ṣé ẹrú nìkan ni Màrínà ni? Ọ̀sà tí ẹ ń wí yìí ló tọ́ wa. Kí títì ọlọ́dà tó dé, orí omi ni garí, ẹja àti àgbọn ń gbà lọ sí Èkó àti Àjàṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Porto-Novo. Ìyá mi tà á, ìyá ìyá mi tà á. Títí di òní, tó bá di ọjọ́ ọjà Àgbálátà, ẹ wá wo ọkọ̀ létí omi: àgbọn òkìtì òkìtì, aláta, ẹlẹ́ja, Egùn ń ná ọjà, Yorùbá ń ná ọjà, a gbọ́ra wa yé. Epo àgbọn tí wọ́n ń fi sí ìgò rèǹtè-rente tà fún yín l'Ékòó, ibi lọ́dọ̀ wa ló ti ń wá.

Ẹ kọ Zangbeto, egúngún àwọn Ògù, náà sí i. Nígbà tí kò sí ọlọ́pàá, Zangbeto ló ń ṣọ́ wa lóru. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí rò pé ijó nìkan ló wà fún.

Ará Ajárá

Ẹ ṣeun, Ìyá. Ọ̀rọ̀ yín ni mo ti ń retí látàárọ̀.

Mo fẹ́ bi Màmá Tíṣà: ṣé òótọ́ ni pé ọba Èkó ti gbé ìlú wa yìí rí?

Màmá Tíṣà

Kì í ṣe ẹyọ kan, ọmọ mi, méjì ni.

Adélé Àjósùn ni àkọ́kọ́. Wọ́n lé e kúrò lórí oyè l'Ékòó, ó wá tẹ̀dó sí Àgbádárìgì ní àwọn ọdún 1820. Òun ló wà níbẹ̀ nígbà tí Clapperton, òyìnbó arìnrìn-àjò, àti ọmọọ̀dọ̀ rẹ̀, Richard Lander, gúnlẹ̀ ní ìparí 1825 láti lọ sí ilẹ̀ Hausa. Clapperton kú sí Sókótó. Lander nìkan ló dá padà dé ní 1827. Àwọn oníṣòwò ẹrú tó jẹ́ Pọtogí fi ẹ̀sùn kàn án pé amí ni, àwọn ìjòyè sì fún un ní omi májèlé mu láti fi dán an wò. Ó mu ún, kò kú. Ó tún padà wá ní 1830 pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ John, láti ìlú wa yìí náà ni wọ́n sì ti gbéra lọ wá ibi tí odò Ọya ti ń wọ òkun.

Ẹnì kejì ni Akíntóyè. Kòsọ́kọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lé e kúrò lórí oyè l'Ékòó lọ́dún 1845, ó gba Abẹ́òkúta wá sọ́dọ̀ wa. Ó wà ní Àgbádárìgì nígbà kan náà tí Gollmer àti Crowther wà níbẹ̀, òun àti Gollmer sì di ọ̀rẹ́. Ní 1851 ìlú pín sí méjì lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ogun bẹ́, iná jó ilé púpọ̀. Nínú oṣù kejìlá ọdún yẹn ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn fún Èkó, tí wọ́n sì dá Akíntóyè padà sórí oyè. Gollmer tẹ̀ lé e lọ sí Èkó ní 1852, òwò tẹ̀ lé e, ìjọba náà tẹ̀ lé e. Lójú tèmi, ohun tó jẹ́ kí ilé àtijọ́ ṣẹ́ kù ní Màrínà nìyẹn. Èkó wó tirẹ̀, ó ń kọ́ tuntun láìsinmi. Àgbádárìgì ò rówó wó tirẹ̀.

Ọdún 1863 ni Gẹ̀ẹ́sì gba ìlú náà mọ́ Èkó. Ilé tí ajẹ́lẹ̀ lò fún ọ́fíìsì láti ọdún yẹn ni ìjọba Èkó sọ di mùsíọ́ọ̀mù ní 2002.

Olùkọ́ Ìkòròdú

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o. Mo ń mú àwọn ọmọ JSS 2 bọ̀ ní táàmù tó ń bọ̀. Ẹ bá mi tò ó: níbo ni kí a ti bẹ̀rẹ̀? Ṣé kí n jẹ́ kí wọ́n rí irin ẹnu yẹn, àbí ọjọ́ orí wọn kéré sí i? Òbí méjì ti pè mí lórí ẹ̀.

Màmá Tíṣà

Jẹ́ kí wọ́n rí i. Ọmọ tó tó wọn ni ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ kékeré yẹn wà fún. Àmọ́ sọ fún wọn kí ẹ tó wọlé, má jẹ́ kí ó bá wọn lójijì, kí ẹ sì jókòó lẹ́yìn rẹ̀ kí wọ́n lè sọ̀rọ̀. Àwọn kan á dákẹ́, àwọn kan á rẹ́rìn-ín nítorí ẹ̀rù, má nà wọ́n.

Ọmọ Àgbádárìgì

Mùsíọ́ọ̀mù tó wà ní ilé ajẹ́lẹ̀ 1863 yẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ wọ̀, kí wọ́n lè mọ bí gbogbo rẹ̀ ṣe so mọ́ra. Lẹ́yìn náà ilé Mobee, ọjà Vlekete, ọgbà Sẹ́ríkí. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni kí ẹ fi ṣe ìkẹyìn ní apá ìhín. Mo mọ̀ pé òun ni gbogbo ènìyàn ń fi ṣáájú. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá ti inú ọgbà Sẹ́ríkí jáde kó tó gun àkàbà yẹn, tó sì gbọ́ pé ẹni tí wọ́n tà rí ló gbé ibẹ̀, kò ní gbàgbé. Bẹ wọ́n kí wọ́n wá ọdún 1845 ní ibi méjèèjì, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀.

Egùn Ọmọ Ọlọ́kọ̀

Tíṣà, ẹ sọdá sí Gberefu kí oòrùn tó ga, ẹ lè yí ètò yẹn padà nítorí rẹ̀. Iyanrìn ibẹ̀ ń jó ẹsẹ̀ lọ́sàn-án, ìrìn náà kì í sì í ṣe kékeré, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ bàtà, kó mú omi dání. Ní jẹ́tì, kí gbogbo wọn wọ ẹ̀wù amúniléfòó kí wọ́n tó tẹ ọkọ̀, títí kan ẹ̀yin tíṣà. Ọlọ́kọ̀ tí kò bá ní èyí tó máa kárí, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ létí òkun yẹn, omi ibẹ̀ ń fà.

Olùkọ́ Ìkòròdú

Mo ti kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Mo máa fi ohun tí àwọn ọmọ bá kọ ránṣẹ́ síbí.